Lẹ́tà Ìjọba Tó Wà Lábẹ́ Àwo Tùràrí

Pi-yun ọmọ mi,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Jui-en ọmọ ọmọ mi ńkọ́, ṣé ó ń jẹun? Ara tèmi le, àfi orúnkún tó máa ń dùn mí bí òjò bá ti ṣú. Àwọn baba ńlá wa kò ní gbàgbé yín, ẹ kò ní ṣìnà ní Taipei, ẹni ibi kò ní mọ ilẹ̀kùn yín. Jókòó kí o tó ka èyí tó kù, torí ìyá rẹ ti ṣe ohun tí kò dáa, ọjọ́ márùn-ún péré ló sì kù tí a lè fi tún un ṣe.

Ọjọ́ tí a bẹ̀rẹ̀ sí í já ewé tíì ìgbà òtútù ni ẹni tó ń pín lẹ́tà gun alùpùpù rẹ̀ dé, ó mú lẹ́tà ìjọba lọ́wọ́, ó ní kí n lọ mú òǹtẹ̀ orúkọ mi wá kí n tẹ̀ ẹ́ sí ìwé òun kí òun tó lè fún mi. Mo tẹ̀ ẹ́. Ìgbà tó lọ tán ni àyà mi já, torí ta ni kò mọ̀ pé ẹni tó bá ti tẹ òǹtẹ̀ ti gbà pé òun jẹ̀bi? Ṣebí bí bàbá rẹ ṣe tẹ̀ ẹ́ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nìyẹn tí ilẹ̀ etí odò fi bọ́ lọ́wọ́ wa. Mo ti mọ ohun tó wà nínú lẹ́tà náà láì ṣí i. Wọ́n fẹ́ wá mú ẹ, nítorí o yọ Jui-en kúrò nílé ìwé. Inú ìwé tí ìjọba fi ń ka àwọn ará ilé mi níbí sì ni orúkọ ọmọ náà wà, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n á kọ́kọ́ yà.

Ni mo bá ti lẹ́tà náà bọ abẹ́ àwo tùràrí níwájú àwòrán bàbá rẹ, mo ní kó bá wa yanjú ẹ̀ láti ọ̀run. Mo da igi méjèèjì tí a fi ń béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ òkú, láti bi í bóyá kí n ṣí i. Lákọ̀ọ́kọ́, méjèèjì dojú sókè, ìyẹn ni pé ó ń fi mí rẹ́rìn-ín. Lẹ́ẹ̀kejì, ọ̀kan dojú sókè, èkejì dojú bolẹ̀, ìyẹn ni pé bẹ́ẹ̀ ni, kí n ṣí i. Mo ní kò gbọ́ ìbéèrè mi dáadáa, etí rẹ̀ ṣáà ti wúwo kó tó kú. Mo ń dà á lọ títí méjèèjì fi dojú bolẹ̀ pé rárá. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo lọ fọ ìkòkò.

Ọjọ́ mọ́kàndínlógún ló lò níbẹ̀. N kò pè ọ́, torí tẹlifíṣọ̀n sọ pé àwọn gbájúẹ̀ ń gbọ́ ohun tí èèyàn bá sọ sínú fóònù, bí gbájúẹ̀ bá sì ń gbọ́, ṣé ìjọba ò ní gbọ́ ni? Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń fi apẹ̀rẹ̀ bo fóònù nígbà tí o bá pè mí aláwòrán, tí o máa ń bi mí pé ṣé iná ló lọ.

Pi-yun, jẹ́ kí n sọ òótọ́. Kì í ṣe ẹ̀rù nìkan, inú ń bí mi sí ọ. Kíláàsì kẹta ni mo wà nígbà tí ìyá mi ní kí n wá máa pọn àbúrò mi. Mo máa ń pọ̀n ọ́n lọ dúró lẹ́yìn fèrèsé kíláàsì títí á fi ké, wọ́n á sì lé wa. Tíṣà ṣì ń pe orúkọ mi fún bí oṣù kan, lẹ́yìn náà ó fò ó. Ìwọ wá mú ọmọ tí ẹnikẹ́ni kò lé, o ní kó máa jókòó sílé, kó máa kọ́ ohun tó bá wù ú. Tíṣà Kuo tó ti fẹ̀yìn tì, tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwa, bi mí lójú gbogbo àwọn tó ń já ewé pé ṣé Jui-en ló kọ ilé ìwé ni, àbí ilé ìwé ló kọ̀ ọ́. Mo ní ara rẹ̀ ni kò yá. Mo parọ́ àìsàn mọ́ ọmọ tí ara rẹ̀ le, ojú sì ń tì mí títí di òní.

Lánàá, mo ń dáná sí tùràrí nígbà tí ẹ̀ṣẹ́ná já bọ́ sórí lẹ́tà náà, etí rẹ̀ kan gbiná. Bàbá rẹ kì í ṣáà í ní sùúrù. Mo fà á yọ, mo fọwọ́ pa iná náà, mo fi awò ojú bàbá rẹ kà á. Wọn kò mú ẹnikẹ́ni. Wọ́n ń pe ìwọ àti Jui-en pé kí ẹ wá síwájú ìgbìmọ̀ ní ọ́fíìsì wọn níbí, aago mẹ́sàn-án àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, kí wọ́n gbọ́ bí ọmọ náà ṣe ń kẹ́kọ̀ọ́. Ọmọ tí wọn kò bá rí yóò padà sílé ìwé.

Fọ́ọ̀mù tí o kọ láti tọrọ àyè kí Jui-en máa kẹ́kọ̀ọ́ nílé wà lẹ́yìn rẹ̀. Ibi ẹ̀kọ́, o kọ oko tíì wa. Mo rántí ìgbà tí Jui-en wá lóṣù keje, tó jókòó ti ewé tí a sá, tó ń gbóòórùn rẹ̀ tó sì ń kọ ọ́ sínú ìwé. Ó ní Ama, ìyá àgbà mi, fáànù yìí ń mú kí apá kan gbẹ ju èkejì lọ. Mo ní ta ló bi í. Ìgbà tí kò wò mí mọ́ ni mo yí fáànù náà. Mo kà á dé ibi tí wọ́n ti béèrè orúkọ olùkọ́, orúkọ mi ni mo rí. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo sì sunkún. Wọ́n ní kí olùkọ́ náà wá.

N kò tíì gbà pé ohun tí ò ń ṣe dáa o. Ẹ̀rù ọjọ́ iwájú ọmọ yẹn ṣì ń bà mí. Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni màá tún lé ọmọ kúrò níbi tó ti ń kẹ́kọ̀ọ́. Chin-fa tó ń wa ọkọ̀ ẹ̀fọ́ ni mo fi lẹ́tà yìí rán, á fi lé ọ lọ́wọ́ lọ́la. Bó ṣe ń dé ọwọ́ rẹ ni kí o di ẹrù. Fi owó bàtà díẹ̀ dání fún mi, bàtà rọ́bà oko nìkan ni mo ní, kò yẹ olùkọ́. Kí Jui-en tètè dé ní Ọjọ́rú, kó wá kọ́ mi ní ohun tí olùkọ́ máa ń sọ.

Ẹ ó rin ìrìn àlàáfíà wá. Ohun tí mo fẹ́ tí n kò rí, ojú rẹ àti ojú ọmọ rẹ yóò rí i.

Èmi ni ìyá rẹ,
Chan Yueh-mien,
Olùkọ́.