Ìbò Ọ̀fìnkìn Tí Mo Dì ní Stockbridge

Ilé ẹ̀gbọ́n rẹ,
Stockbridge,
Ọjọ́ Wẹ́sìdeè.

Adéníkẹ́ Àwẹ̀ró, ọmọ mi,

Bí lẹ́tà yìí bá bá ọ lórí ìdúró, kọ́kọ́ wá àga jókòó, nítorí ó gùn, mo sì mọ̀ pé ẹsẹ̀ á ti máa ro ọ́ láti ibi iṣẹ́. Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé o ń jẹun? Ṣé o ń rí oorun sùn? Ọlọ́run tó mú ọ dé Atlanta nígbà tí o kò mọ ẹnì kankan níbẹ̀ kò ní fi ọ́ sílẹ̀, ọwọ́ tí o fi ń tọ́jú aláìsàn, àìsàn kò ní gba ibẹ̀ wọ ara rẹ. Àmín. Èmi náà wà, Olúdáre ẹ̀gbọ́n rẹ wà, Kẹ́mi ìyàwó rẹ̀ wà, Eli ọmọ tuntun wọn ti ń rẹ́rìn-ín sí mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò jẹ́ kí n fẹnu kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ìyá rẹ kí ọ láti abúlé wa lẹ́yìn Èrúwà, ó ní kí n sọ fún ọ pé kò sí èyí tó kú nínú àwọn adìyẹ mi.

Bí o bá rí i pé etí ìwé yìí jó díẹ̀, má fòyà, áyọ́ọ̀nù ni mo fi tẹ̀ ẹ́. Olúdáre ló sọ pé kòkòrò ọ̀fìnkìn tó gbòde yìí lè bà sórí nǹkan, pé ooru líle ní í pa á, ni mo bá rò ó pé kò yẹ kí n fi ọwọ́ ara mi kó o ránṣẹ́ sí ọ. Mo tẹ iwájú, mo tẹ ẹ̀yìn. Mo tẹ àpòòwé náà, ó sì lẹ̀ pọ̀ típẹ́típẹ́ kí n tó ki lẹ́tà bọ̀ ọ́, nítorí náà àpòòwé kejì ni èyí tí o rí.

Ọ̀rọ̀ ọ̀fìnkìn yìí ni mo ń wádìí káàkiri láti ìgbà tí mo ti dé. Nílé, ta ló ń kéde ọ̀fìnkìn? Imú á dà, a ó se ọbẹ̀ tó ta dáadáa, ó parí. Níbí, tẹlifíṣọ̀n ń ka iye ẹni tó mú bí ẹni ń ka èsì bọ́ọ̀lù. Mo bi Olúdáre pé níbo ló ti wá, ó ní wọ́n ní ara ẹyẹ ló ti bẹ̀rẹ̀. Mo ní ó ti yé mi, lùkúlùkú tó ń pa adìyẹ ni. Ó ní kì í ṣe lùkúlùkú. Mo ní ṣé kì í pa adìyẹ ni, ó ní ó ń pa wọ́n. Mo ní ṣé kì í ràn ni, ó ní ó ń ràn. Mo ní kí ló wá kù, ó ní bàbá, ẹ jẹ́ kí n wakọ̀. Ṣùgbọ́n ìwọ náà rántí pé ọdún tí lùkúlùkú wọ abúlé, ọ̀dọ̀ mi nìkan ni adìyẹ kù sí, nítorí èyí tó bá ti ń tòògbé, abẹ́ agbọ̀n ló ń lọ lọ́tọ̀, àkùkọ pupa tí mo fẹ́ràn jù pàápàá lọ síbẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí o ní o kò ní wọ ilé yìí mọ́ nítorí àwọn tí ò ń tọ́jú lọ́sibítù àti nítorí Eli, kì í ṣe pé kò yé mi. Lórí adìyẹ, ó yé mi dáadáa. Lórí ọmọ ni kò tíì yé mi.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà rèé tí o gbé ọsàn wá lọ́jọ́ Sátidé, tí o gbé e sílẹ̀ lẹ́nu gáréèjì, tí o fi nǹkan bo imú bo ẹnu. Mo sáré wá ṣílẹ̀kùn, o ní kí n má ṣí i. O wá kúnlẹ̀ kí mi nínú kóríko lẹ́yìn fèrèsé. Òyìnbó tó ń gé kóríko lódìkejì pa ẹ̀rọ rẹ̀, ó rò pé o ṣubú ni. Mo ń rẹ́rìn-ín, mo ń juwọ́ sí ọ, ṣùgbọ́n nígbà tí ọkọ̀ rẹ lọ tán, inú mi bàjẹ́, n kò lè jẹ ọsàn náà.

Wàyí o, gbọ́ ohun tí mo fi ọwọ́ ara mi ṣe. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Kẹ́mi ń wẹ ọmọ lókè, fóònù tí Olúdáre rà fún mi dún, mo gbé e. Obìnrin kan ni, ó ní Joanna lòun ń jẹ́, àti pé ilé iṣẹ́ àwọn ń ṣe poll nípa fúlúù, èyíinì ni ọ̀fìnkìn yìí. Ta ló fẹ́ sọ ohun tó ń jẹ́ poll fún mi? Ṣebí èmi ni aṣojú ẹgbẹ́ ní polling unit wa lábẹ́ igi máńgòrò iwájú ilé ẹ̀kọ́, lẹ́ẹ̀mẹta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Lójú ẹsẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ìbò ni wọ́n ń dì. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé wọ́n ń jẹ́ kí àlejò dìbò, àti pé àrùn ló gbé àpótí. Mo ní kó dúró, mo lọ dé fìlà mi.

Ó béèrè bí ẹ̀rù ọ̀fìnkìn ṣe ń bà mí tó, ó ní mẹ́rin ni kí n mú ọ̀kan nínú rẹ̀: ó ń bà mí gan-an, ó ń bà mí díẹ̀, kò fi bẹ́ẹ̀ bà mí, kò bà mí rárá. Mo gbà pé ẹgbẹ́ mẹ́rin ló jáde. Mo bi í pé èwo ló wà lórí àlééfà báyìí, ó ní ìbéèrè mi kò yé òun. Mo ní kó kọ kò bà mí rárá. Ìdí méjì ni mo fi mú un. Èkíní, bí àjèjì bá béèrè àlàáfíà lọ́wọ́ àgbàlagbà, àlàáfíà náà ló ń fọhùn, kódà bí ibà bá dá a dùbúlẹ̀. Èkejì ló sì ká mi lára jù: mo rò pé bí àwa tí ẹ̀rù kò bà bá pọ̀, ọ̀fìnkìn á fìdí rẹmi, á kó ẹrù rẹ̀, ìwọ á sì wọlé. Mo bi í pé níbo ni n ó ti tẹ̀ka, ó ní kò sí ìtẹ̀ka. Mo ti nu àtàǹpàkò mi sílẹ̀.

Ó wá béèrè pé ẹni mélòó la wà nílé. Mo bẹ̀rẹ̀ láti orí ìyá rẹ. Ó ní ṣé ilé yìí ló ń gbé, mo ní Èrúwà ni, ó ní kí n yọ ọ́. Mo yọ ọ́. Mo dárúkọ Tawheed tó ń bá mi wo adìyẹ, ó ní kí n yọ òun náà. Ó ní àwọn tó sun ilé yìí nìkan. Mo ka ara mi, mo ka Olúdáre, Kẹ́mi àti Eli, mo sì ka ìwọ. Ó ní níbo ni ìwọ ń sùn, mo ní Atlanta. Ó ní kí n yọ ọ́. Mo ní bàtà rẹ wà lẹ́nu ilẹ̀kùn, ife rẹ wà lórí tábìlì, Kẹ́mi kò sì jẹ́ kí ẹnì kankan mu omi nínú rẹ̀, èwo ni n ó yọ? Ó ní kò burú, márùn-ún ni òun kọ.

Nígbà tó di Sunday, a lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní Austell, mo sì bẹ̀rẹ̀ ìpolongo. Gbogbo àgbàlagbà tó wà níbẹ̀ ni mo bẹ̀ pé bí wọ́n bá pè wọ́n, kí wọ́n dìbò kò bà mí rárá. Ẹnì kan ní ariwo lásán ni, ẹ̀rọ amúlétutù ló ń fún gbogbo èèyàn ní ọ̀fìnkìn. Ẹnì kan ní òun ti gba abẹ́rẹ́, kò kan òun mọ́. Màmá Ọmọ́bọ́láńlé ní tòun ó ń ba òun gan-an, torí nọ́ọ̀sì lọmọ òun. Mo kà á mọ́ alátakò, n kò bá a sọ̀rọ̀ mọ́.

Ọ̀gbẹ́ni Oyèkànmí, tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ètò ìlera, ló fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó ní kì í ṣe ìbò, pé wọ́n kàn fẹ́ mọ èrò ọkàn aráàlú ni, kí wọ́n lè mọ ibi tí ẹ̀rù ti ń bà wọ́n àti ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe fún wọn. Mo bi í pé bí gbogbo wa bá ní kò bà wá rárá ńkọ́? Ó ní bóyá wọ́n á gbójú kúrò lára wa nìyẹn. Ó fi ṣàwàdà ni, ṣùgbọ́n n kò gbà á ní àwàdà. Mo rò pé bí wọ́n bá gbójú kúrò lára wa, wọn kò ní fi ìbòmú ránṣẹ́ sí ọsibítù yín mọ́, èmi bàbá rẹ ló sì fi ẹnu ara mi já a kúrò nímú rẹ. Mo lọ bẹ Màmá Ọmọ́bọ́láńlé níwájú gbogbo ènìyàn.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo pe nọ́ńbà náà padà. Ẹ̀rọ ló dáhùn, ó ní kí n sọ tẹnu mi bí nǹkan bá ti dún. Ó dún, mo kí i, kò dáhùn. Mo wá sọ fún un pé èmi Ògúnlẹ́yẹ ti Stockbridge, mo fẹ́ yí ìbò mi padà, ẹ̀rù ń bà mí gan-an, kí wọ́n má gba nǹkan kan kúrò lọ́wọ́ àwọn nọ́ọ̀sì o.

Joanna fúnra rẹ̀ ló pè lánàá. Ó ní òun kò lè yí ìdáhùn àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n òun ti kọ èyí sí ìsàlẹ̀ ìwé, àti pé kò sí ẹni tó máa gba ìbòmú lọ́wọ́ ọmọ mi nítorí mi. Ó ní nítorí ta ni ẹ̀rù ṣe ń bà mí, mo ní ẹni karùn-ún. Ó ní ìyá òun wà ní Covington, àrùn àyà ń yọ ọ́ lẹ́nu, ó ti tó oṣù kan tí òun ti ń bá a sọ̀rọ̀ láti ojú fèrèsé. Mo bi í pé ṣé ó ń kúnlẹ̀. Kò yé e, mo sì ṣàlàyé fún un. Ó ní òun á gbìyànjú ẹ̀ wò.

Adéníkẹ́, ìgbàkígbà tí mo bá pè ọ́, o máa ń sọ pé kò séwu, bàbá, gbogbo nǹkan ń lọ dáadáa. Mo wá rí i pé ìbò tèmi ni ìwọ náà ń dì, èmi ni mo kọ́ ọ. Sọ òótọ́ fún mi. Ṣé ẹ̀rù ń bà ọ́ níbẹ̀? Bó bá ń bà ọ́, kò sí àbùkù níbẹ̀, ó ń ba èmi náà.

Owó tí mo máa ń béèrè nísàlẹ̀ lẹ́tà, jẹ́ kó wà lọ́wọ́ rẹ lọ́tẹ̀ yìí, fi ra ẹran jẹ. Ohun mìíràn ni mo ń béèrè. Thursday ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni bàálù mi ń lọ sílé. Wá lọ́jọ́ Sátidé. O kò ní wọlé, Eli kò ní jáde. Mo ti gbé àga méjì sí ẹ̀yìnkùlé, mo fi ẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n, ìṣísẹ̀ méjìlá ló wà láàárín wọn, mo sì ti ra ìbòmú tèmi. Má kúnlẹ̀ nínú kóríko mọ́, ilẹ̀ tutù, jókòó kí n wò ọ́.

Olúwa á pa ọ́ mọ́ ní àlọ àti ní àbọ̀, ilé kò ní ṣe àwátì rẹ. Mo ti sọ ọ́ fún ìjọba Amẹ́ríkà pé márùn-ún la wà nílé yìí. Wá, má jẹ́ kí iye tí mo kà di irọ́.

Èmi ni bàbá rẹ,
Ògúnlẹ́yẹ.