Ẹyọ Ilá Kan Tó Kù Lẹ́yìn Balùwẹ̀

Èmi tí wọ́n ń pè ní Ìyàwó Wa nínú ilé yìí, aya káfíńtà, ni mo fi ọwọ́ ara mi kọ ìwé ìhágún yìí. Orí mi pé. Ẹnikẹ́ni kò fipá mú mi, àfi ẹ̀rù. Ní òwúrọ̀ ọ̀la ni dókítà máa la inú mi láti yọ kókó kan. Ó ní iṣẹ́ kékeré ni, ṣùgbọ́n inú tirẹ̀ kọ́ ni wọ́n fẹ́ là.

Akọ̀wé, àbúrò ọkọ mi, ni yóò mú un ṣẹ. Ìwé mẹ́rin péré ni mo kà, kò sì fi mí ṣẹ̀sín rí.

1. Ọkọ mi ni kó jogún irúgbìn tòmátò tí mo sá sínú àwo lójú fèrèsé. Mo ti rẹ wọ́n sómi fún ọjọ́ mẹ́ta, mo ti fọ yọ̀rọ̀yọ̀rọ̀ ara wọn kúrò. Kó má dà wọ́n sórí bébà, wọ́n á lẹ̀ mọ́ ọn. Olówó orí mi, ojú ń tì mí láti sọ ọ́ lójú yín: tí ẹ bá ń súfèé nídìí pákó, ọkàn mi a balẹ̀.

2. Akọ̀wé ló ni irúgbìn tẹ̀tẹ̀ inú agolo mílíìkì. Mo ti po eérú mọ́ ọn nítorí kòkòrò. Kó má máa ṣí i wò lójoojúmọ́. Mo mọ ọwọ́ rẹ̀.

3. Ìyá ọkọ mi ló ni ilá. Màmá, ilá tí irú rẹ̀ ti ọwọ́ ìyá yín wá, tí ẹ so òwú pupa mọ́ kó lè gbó fún irúgbìn, èmi ni mo já a lọ́sẹ̀ tí mo wọlé yín. Mo rò pé èyí tí ẹ yàn fún ìyàwó tuntun ni. Ó le bí igi. Mo dà á nù, mo ra irúgbìn lọ́jà, mo rọ ọ́ sínú ìgò irúgbìn yín, bí ẹni pé òun ni mo pa lára ilá yín. Òun lẹ gbìn, tí ẹ ń yìn. Hóró mẹ́ta tó já bọ́ lára ti ìyá yín nígbà tí mo ń gé e ni mo rí ṣà lábẹ́ tábìlì. Mo gbìn wọ́n sẹ́yìn balùwẹ̀, ẹyọ kan ló hù. Mo fi ọmọ rẹ̀ kan sílẹ̀ kó gbẹ. Ẹ má já a títí yóò fi máa dún ṣaworo tí ẹ bá mì í.

4. Bí mo bá jí, kí Akọ̀wé tètè dá ìwé yìí padà fún mi.

Mo fọwọ́ sí i lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹwàá: Ìyàwó Wa.

Ẹlẹ́rìí kìíní: Akọ̀wé.

Ẹlẹ́rìí kejì: Ìyá káfíńtà. Kò mọ̀wé kà, nítorí náà èmi Akọ̀wé kà á sí i létí látòkè délẹ̀ kó tó tẹ àtàǹpàkò. Ó wá ní kí n kọ ọ́ síbí pé òun kò gba ẹ̀kẹta: ẹni tó gbin ilá ni yóò wá já a, òun á máa lé ewúrẹ́ kúrò nídìí rẹ̀ títí yóò fi dé.