Ènì tó wà lára Ìgbòkun

Bàbá mi tí mo ń bá jà,

Ẹ kú ibi tí ẹ wà. N kò mọ bí wọ́n ṣe ń kí ẹni tí a kò rí òkú rẹ̀ sin, ẹ bá mi gbà á bẹ́ẹ̀.

Mo ti ra ìgbòkun tuntun sí ọkọ̀ yín. Ti iwájú ni, dípò èyí tó ya sí méjì lọ́jọ́ tí àwọn apẹja rí ọkọ̀ náà lójú òkun Tema, tí ẹ kò sí nínú rẹ̀. Ó ti lé lọ́dún kan. Àlùfáà kírun sí yín láìsí òkú níwájú wa. Àwọn ará Sabon Zongo wá kí wa, wọ́n jẹun, wọ́n lọ. Màmá nìkan ni kò gbà. Kò ṣe opó. Àràárọ̀ ló ń bu ẹ̀kọ mímu yín sí ife, tó ń dé e, títí yóò fi tutù. Tí mo bá ní kí n dà á nù, yóò wò mí bíi pé èmi ni mo tì yín sómi.

Níkẹyìn, ó ní òun yóò gbà bí òun bá fojú ara òun rí ibẹ̀, ṣùgbọ́n ọkọ̀ yín ni yóò gbé òun lọ. Ẹ sì mọ̀ pé ẹ̀rọ ọkọ̀ yẹn ti kú ṣáájú yín. Àfi ìgbòkun.

Inú ń bí mi sí yín, Bàbá. Ọkọ̀ tí òyìnbó oníbàárà yín lò gbó kó tó fi ta yín lọ́rẹ! Gbogbo Adabraka lẹ ta aṣọ fún, ẹ kò lè ra ìgbòkun fún ara yín. Ẹ lẹ̀ ẹ́ títí àbùlẹ̀ fi pọ̀ ju aṣọ lọ. Kí ló dé tí ẹ dá lọ lọ́jọ́ náà? Ṣé ìgbòkun ló kọ́kọ́ ya ni, àbí ẹ ti bọ́ sómi kó tó ya? Ṣé ẹ pè wá?

Bàbá arúgbó kan, ọmọ Ga, ló ń rán ìgbòkun ní Tema. Ataa ni mo ń pè é. Ó kìlọ̀ fún mi pé kí n má wọn èyí tó ya, torí aṣọ àtijọ́ ti nà. Wáyà tó ti orí òpó wá sí imú ọkọ̀ ni kí n wọ̀n, kí n sì yọ díẹ̀ kúrò nítorí ìdè òkè àti ti ìsàlẹ̀. Mo so téèpù ìsọ̀ yín mọ́ okùn, mo fà á gòkè, mo wọ̀n ọ́n dáadáa. Ibi tí mo ti fẹ́ ṣírò ni mo ti ṣìṣe. Ẹ rántí bí ẹ ṣe máa ń tọ́ àtàǹpàkò lá, tí ẹ óò na aṣọ láti imú dé ìka, tí ẹ óò tún fi àtẹ́lẹwọ́ kan lé e kí ẹ tó ti àlùmọ́gàjí bọ̀ ọ́? Ẹ ní ẹni tó bá gé aṣọ láìfi ènì sí i, olè ni. Dípò kí n yọ, mo fi kún un.

Nígbà tí Ataa rán ìgbòkun náà tán tí a fà á gòkè, orí rẹ̀ kan òkè pátápátá, ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì so rọ̀ bíi ṣòkòtò ẹni tó rù. Ataa fi èdè Ga bú mi. Ó ní àwa Alata, bí wọ́n ṣe ń pe àwa Yorùbá, gbogbo nǹkan la fẹ́ fi ṣọjà, afẹ́fẹ́ kì í gba ènì. Ó gé ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó tún un rán, ó sì ká èyí tó gé kúrò fún mi.

Àná la lọ. Ataa ló tukọ̀, Màmá jókòó síbi tí ẹ máa ń jókòó. Ìgbòkun náà gba afẹ́fẹ́ dáadáa, Bàbá. Nígbà tí a dé ibi tí wọ́n ti rí ọkọ̀, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Omi ni. Màmá wò ó títí, ó wá ní kí n gbé aṣọ funfun tí Ataa gé wá. Ó tọ́ àtàǹpàkò lá, ó nà án láti imú dé ìka, ó tún un nà. Kò tó bo ẹni tó ga tó yín.

Ó ní, “Ẹni tó wọ gbogbo ayé láṣọ, kò ní lọ níhòòhò.”

Ó tẹ́ ẹ sórí omi. Ó léfòó díẹ̀, ó sì rì.

Láàárọ̀ yìí, mo bá ife yín lórí tábìlì. Màmá ti fọ̀ ọ́, ó ti dojú rẹ̀ délẹ̀. Ó wà nínú yàrá, ó ti jókòó opó.

Ọmọ yín, tó fẹ́ràn yín, tí inú ṣì ń bí.