Ìdáhùn Mi Tí Ẹ̀rọ Rẹ Gé Kúrò

Ilé Fádípẹ̀,
Erijiyan-Èkìtì.

Olúkáyọ̀dé ọmọ mi,

Mo kí ọ bí ìyá ṣe ń kí ọmọ tó rí kẹ́yìn nígbà ìkórè. Ṣé o ń jẹun, ṣé o ń sùn, ṣé Ìbàdàn ò fojú pọ́n ọ jù? Ọlọ́run tó gbé ọ dé ibẹ̀ kò ní fi ọ́ sílẹ̀. Àwa náà wà níbí, a ń dúpẹ́. Òjò ti bẹ̀rẹ̀, ẹ̀gẹ́ ẹ̀yìnkùlé ta dáadáa, ewúrẹ́ Eunice aládùúgbò wa sì tún ti jẹ ẹ̀fọ́ mi, mo bá a wí, ó ní kí n lọ ṣe ọgbà.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka lẹ́tà tí o kọ nípa iṣẹ́ tuntun rẹ kó tó yé mi díẹ̀. O ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gba ohùn sílẹ̀ lo máa ń dán wò, pé wàá gbọ́ ọ dáadáa, wàá wá kọ ọ́ fún àwọn tó fẹ́ rà á bóyá ó dára tàbí kò dára. Ọládèjì tó ń darí akọrin wa bi mí pé ta ló ń sanwó fún èèyàn nítorí pé ó ní etí, mo ní kó lọ bi Ọlọ́run tó fún ọ létí. O ní máìkì kan wà níbẹ̀ tí owó rẹ̀ tó owó kòkó ọdún méjì, tí èèyàn kò gbọdọ̀ mí sí. Ọmọ mi, báwo lèèyàn ṣe ń sọ̀rọ̀ láì mí? O tún ní ẹ fi fóòmù bo ògiri sítúdíò yín yíká. Mo rò ó títí, bí fóòmù bá wà lára ògiri, a jẹ́ pé ilẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ ń sùn nìyẹn, mo sì ti fi ẹní méjì rán dírẹ́bà Aramoko sí ọ.

Èyí tó wá ṣe mí láàánú jù ni irinṣẹ́ kan tí o ní inú kọ̀ǹpútà ló ń gbé, tí kò ṣeé fọwọ́ kàn, tó máa ń gbọn ìdọ̀tí kúrò lára ohùn. O ní àwọn tó ni ín yá ọ lò fún ọjọ́ mẹ́rìnlá, pé tó bá di ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún yóò kú. Mo fi tó àwọn aláàdúrà ìjọ létí, wọ́n ní kí n mú orúkọ ìyá rẹ̀ wá kí wọ́n lè fi gbàdúrà, mi ò sì mọ̀ ọ́n.

Káyọ̀dé, ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí. O rántí pé nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí bàbá yín kú ló fi fóònù rẹ̀ gba àdúrà sílẹ̀ fún ẹ̀yin ọmọ. Nígbà ìkórè lo gbé fóònù náà lọ, o ní o fẹ́ fọ ohùn náà mọ́, ká lè gbọ́ ọ níbi ìsìn ìrántí ọdún kan. O fi èyí tí o fi irinṣẹ́ yẹn fọ̀ ránṣẹ́ sí fóònù mi lóòótọ́. Ohùn bàbá yín mọ́ bí ẹni pé ó jókòó tì mí. Ikọ́ rẹ̀ ti lọ, àkùkọ tó ń kọ ti lọ, ìró kòkó tí mò ń yí lórí ẹní lẹ́yìnkùlé ti lọ. Èmi náà ti lọ.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ló pè mí nínú àdúrà yẹn. Òǹgbẹ ń gbẹ ẹ́, ó ní kí n bu omi wá. Àpọ̀kẹ́ ló pè mí, oríkì mi, tí kò sí ẹni tó ń fi pè mí mọ́ láyé yìí. Ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni mo dáhùn pé mò ń bọ̀. Òótọ́ ni pé mi ò tètè dé. Òjò ń ṣú, kòkó wà níta, mo ní kí n kó o wọlé ná. Kí n tó gbé omi dé, ó ti pa fóònù. Ó gba omi náà, ó mu ún, kò sì bínú, ṣùgbọ́n ìyẹn kò sí nínú fóònù. Ó ń dùn mí títí dòní, ìwọ nìkan sì ni mo sọ ọ́ fún. Kí o tó gbé fóònù yẹn lọ, ojoojúmọ́ ni mò ń gbọ́ ibẹ̀, tí mo bá gbọ́ ohùn ara mi tí mo dáhùn, ọkàn mi á balẹ̀ díẹ̀.

Lọ́jọ́ ìsìn ìrántí, wọ́n gbé e sí ẹ̀rọ ìjọ. Bàbá yín pe Àpọ̀kẹ́. Ó tún pè. Ó tún pè. Kò sí èsì. Ni Fọláṣadé, àbúrò bàbá yín, bá sọ ọ́ sókè pé báyìí ni bùrọ̀dá òun ṣe pè títí tí ẹnikẹ́ni ò dá a lóhùn. Mo dìde, mo ní mo dáhùn. Ó ní níbo ló wà? Àwọn kan ń wò mí, àwọn kan ń wo ilẹ̀. Má bá a jà, ikú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń dùn ún. Ṣùgbọ́n ojú tì mí, Káyọ̀dé. Ogójì ọdún nílé ọkọ, ọjọ́ kan ṣoṣo ni mo fi di aya tí ọkọ ń pè tí kò jẹ́.

Mo mọ̀ pé o fẹ́ kí ohùn bàbá rẹ mọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí mo bá ń fẹ́ ẹ̀wà, ìyàngbò rẹ̀ kì í sọnù, abẹ́ atẹ ló máa ń wà. Jọ̀ọ́, lọ wo abẹ́ kọ̀ǹpútà yẹn. Bí o bá gbọ́ obìnrin kan níbẹ̀ tó ń sọ pé òun ń bọ̀, èmi ni, dá mi padà síbi tí mo wà. Bí o bá sì ń kọ̀wé rẹ nípa irinṣẹ́ náà, má purọ́ fún àwọn tó fẹ́ rà á. Kọ ọ́ pé ó mọ ikọ́, ó mọ àkùkọ, ṣùgbọ́n kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ariwo àti ìyàwó.

Bí kò bá sí níbẹ̀ mọ́, fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́ kí n wá sọ ọ́ sínú máìkì yín, kí o sì fi owó páànù ilé ìdáná tí ìjì ṣí kún un. Mo ti ń fi ìdáhùn náà dánra wò, ṣùgbọ́n kò jọ ti ọjọ́ yẹn, torí lọ́jọ́ yẹn mo rò pé yóò tún pè mí lọ́la ni.

Ọlọ́run yóò ṣọ́ etí rẹ, kò ní gbọ́ ibi. Iṣẹ́ rẹ yóò mówó wọlé fún ọ. Wàá dàgbà, wàá darúgbó, àwọn tó fẹ́ràn rẹ yóò sì yí ọ ká. Bí òǹgbẹ bá gbẹ ọ́ lọ́jọ́ náà, tí o bá pe ẹnìkan, kó dá ọ lóhùn, kó sì tètè dé.

Èmi ni ìyá rẹ,
Àpọ̀kẹ́ Fádípẹ̀.