Kámẹ́rà Mi Kékeré àti Àwòrán Ìsìnkú Ìyá Sumi

Ẹ̀yìn Ibùdó Rélùwéè,
Matsumoto, Nagano.
Ọjọ́ kejìlá, oṣù kọkànlá, ọdún 2023.

Genkichi, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ìyàwó ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Orúnkún rẹ tó ń dún bí ilẹ̀kùn àtijọ́ ńkọ́? Mo gbọ́ pé yìnyín ti ń bọ́ lọ́dọ̀ yín. Jọ̀wọ́, fi ṣọ́bìrì sílẹ̀ fáwọn ọ̀dọ́. Ara tèmi le, ẹnu mi nìkan ló ṣì ń kó mi sí ìjọ̀gbọ̀n.

O rántí kámẹ́rà mi tó ń gbé inú àpò ẹ̀wù bí páálí ìṣáná? Iléeṣẹ́ tó ń ṣe é ti ṣíwọ́ tipẹ́, bátìrì rẹ̀ ò sí lọ́jà mọ́. Òun ni mo fi ń ya ológbò, aṣọ tí wọ́n sá, àtàwọn tó ń sùn nínú ọkọ̀ ojú irin. Ẹgbẹ́ ayàwòrán wa ò kà á sí. Kámẹ́rà tiwọn lójú gígùn bí apá. Etí odò ni wọ́n ń tò sí láràárọ̀, tí wọ́n ń dúró de ẹyẹ kan ṣoṣo. Ẹyẹ náà á rò pé ogun dé. Alága wọn, Ọ̀gbẹ́ni Kuwabara, bi mí lójú gbogbo ẹgbẹ́ bóyá ọṣẹ ìwẹ̀ ni mo mú dání. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, kó sún mọ́ mi kí n bá a bọ́jú.

Wọ́n wá fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún Ìyá Sumi tó ń ta tófù, wàrà ẹ̀wà sóyà yẹn, ẹ̀rù sì ń bà á. Bíi gbogbo àgbà ibí, ó fẹ́ kí àwòrán tí wọ́n máa gbé síwájú pósí òun ti wà nílẹ̀ kó tó wọ ọsibítù. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo àwòrán tó ní, ìka méjì ló nà sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, bí gbogbo wa ti ń ṣe tí wọ́n bá ń yà wá. Ta ló fẹ́ sun tùràrí níwájú òkú tó ń nàka?

Kuwabara kó iná, agboòrùn àti ẹsẹ̀ kámẹ́rà dé ṣọ́ọ̀bù. Ó ń pàṣẹ fún Ìyá: gbé àgbọ̀n sókè, sọ èjìká kalẹ̀, má mí. Ojú tó jáde, ojú ẹni tó jí adìyẹ ni. Ìyá wo àwòrán náà títí.

"Kuwabara, ṣé mo ti kú ni, àbí o fẹ́ kí n yára?"

Kuwabara ní kí wọ́n tún un yà. Ó ń fẹ̀yìn rìn kí kámẹ́rà rẹ̀ lè gba Ìyá tán, ó fẹ̀yìn títí, ó jókòó sínú agbada tófù.

"Dìde jẹ́jẹ́," ni Ìyá wí. "Èyí tí o jókòó lé yẹn, o ti rà á."

Ló bá bú sẹ́rìn-ín. Mo fa tèmi yọ, ó yà á lẹ́ẹ̀kan, bátìrì kú. Abẹ́rẹ́ kéré lóòótọ́, kì í ṣe mímì fún adìyẹ. Nínú àwòrán náà, Ìyá la ẹnu gbàgà, kò sí eyín kankan níbẹ̀. Chizuko ọmọ rẹ̀ ní kò ṣeé lò, pé àwọn èèyàn á rẹ́rìn-ín níbi òkú.

"Kí wọ́n rẹ́rìn-ín," ni Ìyá wí. "Mo ti rí wọn níbi tí wọ́n ti ń sunkún. Ojú wọn ò dáa."

Bó ṣe gbé àwòrán dání wọ ọsibítù nìyẹn, tí ara rẹ̀ balẹ̀. Iṣẹ́ abẹ náà yọrí sí rere. Kuwabara wá ń sọ fẹ́gbẹ́ pé òun mọ̀ọ́mọ̀ jókòó síbẹ̀ ni.

Ìyá ní àwòrán tó dáa tó yẹn kò gbọdọ̀ sùn nínú àpótí. Ó fi férémù dúdú, irú èyí tí wọ́n ń fi sí àwòrán òkú, sí i, ó gbé e kọ́ iwájú ṣọ́ọ̀bù. Làwọn tó ń kọjá bá ń ṣí fìlà, wọ́n ń tẹríba. Lánàá, obìnrin kan gbé òdòdó funfun àti tùràrí wá, ó ń nu omijé. Ìyá gbé aṣọ ẹnu ọ̀nà sókè, ó yọrí.

"Ẹ kú ará fẹ́ra kù o. Tófù mélòó ni kí n dì?"

Bá mi kí ìyàwó rẹ dáadáa, kí o sì kí orúnkún náà.

Ọ̀rẹ́ rẹ tí ìyà ò tíì kọ́ lọ́gbọ́n,
Tokizo