Fẹ́ǹsì tí Bàbá Mi Fọwọ́ Ara Wọn Mọ

Ọjọ́ Ajé, 14 oṣù kẹrin, 2025

Búlọ́ọ̀kù dé lónìí. Ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá. Ó dáa, ọ̀ọ́dúnrún ó lé díẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi àti Safwan àbúrò mi la kó o láti ojú títì dé ẹ̀yìnkùlé, apá mi sì ti fi ínṣì mẹ́ta gùn sí i.

Láti oṣù kìíní tí Bàbá mi ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìwádìí àgbàdo n'Íbàdàn, kò sí nǹkan tí wọn ò tíì tú palẹ̀ nílé yìí. Fáànù. Ilẹ̀kùn balùwẹ̀. Ẹ̀rọ tí Màmá fi ń lọ ata. Ó wá kan ẹ̀yìnkùlé: wọ́n fẹ́ mọ fẹ́ǹsì, kí ewúrẹ́ Lálúpọn níbí má bàa jẹ ẹ̀fọ́ tí wọ́n fẹ́ gbìn. Màmá ní kí wọ́n pe bíríkìlà. Wọ́n ní bíríkìlà wo, ṣebí àwọn ti wo fídíò mọ́kànlá lórí fóònù.

Láti òní lọ, nínú ìwé yìí, Enjiníà ni orúkọ wọn.

Ìṣẹ́gun, 15

Àtẹ́lẹwọ́ mi ti di ẹ̀yìn ọ̀nì.

Ọjọ́bọ̀, 17

A gbẹ́ ìpìlẹ̀. Mo sọ fún Enjiníà pé omi máa ń gba ibẹ̀. Òótọ́ ni mo sọ o. Láti oko pákí tó wà lókè ẹ̀yìn ilé wa ni ọ̀gbàrá ti máa ń bọ̀, á gba ìdí mángòrò, á la ẹ̀yìnkùlé wa kọjá, á bọ́ sí gọ́tà iwájú ilé. Ṣùgbọ́n ẹnu mi! Mo ní lọ́dún tó kọjá ó gbé ewúrẹ́ méjì àti kẹ̀kẹ́ Márúwá kan lọ.

Enjiníà fara ti ṣọ́bìrì. Wọ́n ní ewúrẹ́ ta ni. N ò rí orúkọ kankan pè. Màmá ní kí n yọ ewúrẹ́ kúrò, kí n yọ Márúwá kúrò, kí n wá sọ ohun tó kù. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Ọdún mẹ́rin la ti wà níbí, Enjiníà ò rí omi yẹn rí. Aago mẹ́fà àárọ̀ ni wọ́n ń jáde lọ síbi iṣẹ́, ìgbà tí ilẹ̀ bá ṣú ni wọ́n ń dé. Ọ̀gbàrá kì í dúró de òṣìṣẹ́ ìjọba.

Àbámẹ́ta, 19

Ìyá Mùjíbátù wá kí wa kú iṣẹ́. Àwọn ni aládùúgbò wa lẹ́yìn, lápá òsì. Ìlú wọn ni, àwa la wá ra ilẹ̀. Abẹ́ páànù kan ni wọ́n ti ń yan gàrí, ibẹ̀ sì ni owó ilé-ìwé àwọn ọmọ wọn ti ń jáde láti ìgbà tí bàbá Mùjíbátù ti kú. Wọ́n bu gàrí wá, gbígbóná. Mo ti jẹ ìdajì kó tó dé ọwọ́ Màmá.

Wọ́n wo okùn tí Enjiníà ta sójú ìpìlẹ̀. Wọ́n wò ó títí. Enjiníà ń ṣàlàyé lọ ràì: iye ìlà búlọ́ọ̀kù, ibi tí ẹ̀fọ́ máa wà, ibi tí a ó ti máa fọṣọ. Ìyá Mùjíbátù ní ó dáa, ó dáa. Wọ́n wá ní, "Kí Ọlọ́hun má jẹ́ kí omi ó bá wa jà o, sà."

Enjiníà ní, "Àmín o, Ìyá Mùjíbátù."

Wọ́n tún wo okùn náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Wọ́n lọ.

Ajé, 21

Ìlà kìíní wọ́ kọ́rọkọ̀rọ bí erè tó jẹun yó. A tú u. A tún un mọ. Màmá gba ibẹ̀ kọjá, wọ́n ní bóyá inú fídíò kejìlá ni títọ́ wà.

Ọjọ́rú, 23

Ìlà mẹ́ta. Sìmẹ́ńtì tí mo ti gbé mì ju ẹ̀bà tí mo ti jẹ látìgbà tí wọ́n ti bí mi. Safwan ń pọn omi, ẹsẹ̀ mi ló ń dà á sí. Mo da ìyókù lé e lórí.

Ẹtì, 25

Ó parí. Ìgbésẹ̀ mẹ́rìnlélógún ní gígùn, ó ga dé èjìká mi — n ò fi kún un. Ó tọ́ gbọọrọ.

Enjiníà gbé àga síta, wọ́n ń mu tíì, wọ́n ń wo ògiri bí ẹni ń wo bọ́ọ̀lù. Wọ́n ní ọgbọ̀n ọdún làwọn fi ka ewé àgbàdo fún ìjọba, kò sí nǹkan kan táwọn lè tọ́ka sí pé iṣẹ́ ọwọ́ àwọn nìyí. Mo bu tíì kún ife wọn.

Àbámẹ́ta, 26

Ẹ̀fọ́. Ebè mẹ́jọ. Ẹ̀yìn mi ti ṣẹ́ sí méjì.

Àìkú, 27

Òjò ńlá àkọ́kọ́. Ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé wa tutù, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Enjiníà dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, wọ́n ní ọ̀gbàrá tèmi Fàdìlàt dà, Márúwá dà. Bí mo ṣe fẹ́ fèsì ni a gbọ́ ariwo lódìkejì ògiri.

Mo gun búlọ́ọ̀kù tó ṣẹ́ kù kí n lè rí ìsàlẹ̀, mo yọjú. Ọ̀gbàrá ti orí oko dé, ó kan fẹ́ǹsì wa, ó yà sósì, ó ń sáré tẹ̀lé ògiri lọ tààrà sábẹ́ páànù Ìyá Mùjíbátù. Àpò pákí rírin mẹ́fà tí wọ́n ti fi jáàkì fún gbẹ — gbogbo ẹ̀ ti mu ẹrẹ̀. Ààrò amọ̀ wọn ń yọ́ bí ṣúgà. Wọ́n ń fi abọ́ gbọ́n omi, èyí tí wọ́n ń gbọ́n kò tó èyí tó ń wọlé. Wọ́n gbójú sókè, wọ́n rí mi.

Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n ń gbọ́n omi lọ.

Ajé, 28

Enjiníà lọ bẹ Ìyá Mùjíbátù. Ìyá Mùjíbátù ní kò sí nǹkan kan, iṣẹ́ Ọlọ́hun ni. Enjiníà darí dé pẹ̀lú ojú tó fúyẹ́, wọ́n ní ọ̀rọ̀ ti tán.

Màmá ní, "Bàbá Fàdìlàt, ẹni tí àpò pákí mẹ́fà bàjẹ́ mọ́ lọ́wọ́ tó ní kò sí nǹkan kan, ẹ tètè lọ wá nǹkan náà kàn."

Ọjọ́rú, 30

Mo gba ọ̀dọ̀ Ìyá Mùjíbátù nígbà tí mo ń bọ̀ láti ilé-ìwé. Wọ́n ń mọ ààrò tuntun. Mo bọ́ bàtà, mo ń bá wọn gún amọ̀. Wọn ò lé mi.

Wọ́n ní tí òjò bá tún ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, àwọn á gbé agbada gàrí lọ sí abúlé ẹ̀gbọ́n àwọn. Ibẹ̀ jìnnà sí títì. Àwọn oníbàárà tó ń ti ọjà Ṣáṣá wá kó gàrí ò ní dé ibẹ̀. Iṣẹ́ tán nìyẹn.

Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn ò sọ fún Bàbá mi. Wọ́n wò mí bí ẹni pé ọmọ ìkókó ni mí.

"Mo sọ ọ́ lójú ẹ. Bàbá ẹ ṣe àmín sí i."

Wọ́n ní, "Àbí kí n dúró sílé onílé, kí n máa kọ́ ẹni tó jù mí lọ níbi tó yẹ kó mọ ògiri sí?"

Ọjọ́bọ̀, 1 oṣù karùn-ún

Mo sọ fún Enjiníà, gbogbo ẹ̀. Wọ́n bi mí pé omi yẹn mu ibo lára èèyàn lábẹ́ páànù. Ó kù díẹ̀ kí n ní igbá àyà. Mo gbé e mì. Mo ní kókósẹ̀. Níbi ààrò, ó gòkè díẹ̀.

Wọ́n ní, "Mo rò pé àdúrà ni." Wọ́n sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Wọn ò jẹun alẹ́.

Àbámẹ́ta, 3

Enjiníà fúnra wọn lọ pe Ìyá Mùjíbátù, wọ́n ní kí wọ́n wá fi ojú ọ̀nà omi han àwọn. Ìyá Mùjíbátù ní ibi tó bá wu Bàbá náà ni. Enjiníà gbé òòlù sílẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tijú mi. Ẹ̀yin lẹ mọ ilẹ̀ yìí. Ẹ fẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀ hàn mí."

Ìyá Mùjíbátù wojú Màmá. Màmá fi orí sọ pé kí wọ́n ṣe é. Ìyá Mùjíbátù bọ́ sálúbàtà, wọ́n tún ìró so, wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ìdí mángòrò. Èmi ti ń ro ihò kékeré kan tí ológbò lè gbà. Wọ́n ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, wọn ò dúró. Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án ni wọ́n tó dúró. Wọ́n ní tó bá dín sí i, kò ní gba omi yẹn. Mẹ́sàn-án nínú mẹ́rìnlélógún! Ebè mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ló sì wà lójú ọ̀nà.

Enjiníà wo ògiri. Wọ́n wo ẹ̀fọ́, ewé méjì-méjì ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ. Wọ́n gbé òòlù. Mo ní kí n ran wọ́n lọ́wọ́, wọ́n ní rárá, àwọn làwọn mọ ọ́. Ó di ìrọ̀lẹ́ kí wọ́n tó wó o, kí wọ́n tó wú ìpìlẹ̀ tán. Ewúrẹ́ àkọ́kọ́ ti wọlé kí wọ́n tó fọ ọwọ́.

Ìṣẹ́gun, 6

Òjò bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tí mo dé láti ilé-ìwé. Ọ̀gbàrá gba ojú tó ṣí wọlé, ó fẹ̀ gẹ́lẹ́ bí Ìyá Mùjíbátù ṣe tẹ̀ ẹ́. Kò gbé Márúwá. Ó gbé bàtà Safwan kan. Enjiníà ká ṣòkòtò, wọ́n dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, wọ́n ń wo ẹ̀fọ́ bó ṣe ń lọ sí gọ́tà, ebè lẹ́yìn ebè.

Nígbà tí òjò fẹ́ dá, wọ́n ní kí n sáré wo ọ̀dọ̀ Ìyá Mùjíbátù wá. Mo lọ. Mo ti ọwọ́ bọ inú ààrò, mo fọwọ́ kan ìsàlẹ̀ rẹ̀. Mo padà wá, omi ń ro lára mi.

Wọ́n ní báwo ni.

Mo ní ó gbẹ.

Wọn ò bi mí lẹ́ẹ̀mejì.