Má Jẹ́ Kí Wọ́n Fi Fóòmù Dí Igun Bàbá Yín

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ìyàwó ńkọ́, ọmọ ńkọ́, iṣẹ́ ńkọ́? Ara tèmi le, àfi orúnkún tó máa ń bá mi ṣagídí tí mo bá fẹ́ dìde, ṣùgbọ́n ọpẹ́ náà ló yẹ wá. Ojú ò ní tì ọ́ láàárín ẹgbẹ́ rẹ.

Ìyá aránṣọ aládùúgbò wa ti fi àwòrán yàrá sinimá tí o ṣe sínú ilé rẹ hàn mí lórí fóònù rẹ̀. Mo rí fóòmù lára ògiri, mo rí i lókè àjà, mo tún rí èyí tó nípọn bí ìtì igi ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo wá bi í pé ṣé òòró lẹ ń sùn níbẹ̀ ni. Ó ní rárá o, ó ní ohùn ni fóòmù náà ń gbé mì, pé ti igun yẹn ló wà fún ohùn tó rinlẹ̀, èyí tó máa ń kù rìrì nínú àyà èèyàn. Ọmọ mi, ta ló ń bá ọ tú u dànù láàárọ̀? Ohun tó bá ń jẹ tí kì í yàgbẹ́, yóò bẹ́ lọ́jọ́ kan. Èmi gan-an gbọn ìrọ̀rí mi sójú oòrùn, bóyá ìhanrun ọdún mélòó kan á já bọ́, eruku nìkan ló jáde.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni kápẹ́ńtà onírùngbọ̀n tí o rán wá wọn pálọ̀, ó ní irú rẹ̀ lo fẹ́ ṣe fún mi. O ṣeun, wàá jèrè ọmọ. Ọkùnrin náà dúró láàárín pálọ̀, ó pàtẹ́wọ́ pàá, ó tẹ́tí, ó tún pàtẹ́wọ́. Èmi rò pé ìyìn ló fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ni mo bá bá a pàtẹ́wọ́, ìyá aránṣọ gbọ́ lóde, òun náà sáré wọlé, ó gbé orin ọpẹ́. Ọkùnrin náà ní ká jọ̀ọ́, òun ń wo bí ohùn ṣe ń padà lára ògiri ni. Mo ní kó má bínú, ọpẹ́ kì í pọ̀ jù.

Ó wá dé igun tí àga bàbá yín wà, ó ní ibẹ̀ ló burú jù, ibẹ̀ ni gbogbo ohùn tó rinlẹ̀ ń kóra jọ sí, ibẹ̀ lòun máa kọ́kọ́ dí. Ṣé o rántí pé tí bàbá yín bá sọ̀rọ̀ láti orí àga yẹn, ṣe ni àwọn ife máa ń mì nínú kọ́bọ́ọ̀dù? Ẹ̀yin ọmọ á sá wọ abẹ́ tábìlì, ẹ ò mọ̀ pé ẹ̀rín ló ń rín. Èmi tí mo fẹ́ ẹ mọ̀ pé ohùn rẹ̀ ò tó bẹ́ẹ̀ tó bá wà níta, igun yẹn ló ń bá a fẹ̀ ẹ́. Láti ìgbà tó ti lọ, tí mo bá jókòó síbẹ̀ tí mo ń fi imú kọrin, igun náà á bá mi gbè é láti ìsàlẹ̀. Mo mọ̀ pé kì í ṣe òun. Ṣùgbọ́n kì í ṣe mí bíi pé mo dá wà. Mo sunkún lójú kápẹ́ńtà, mo ní kó máa lọ.

Má bínú sí mi. Nínú owó fóòmù náà, fi díẹ̀ ránṣẹ́ kí n fi tún òrùlé ṣe, ó ti ń jò sórí àga yẹn. Tó o bá ṣì fẹ́, kí wọ́n dí igun mẹ́ta yòókù, kí wọ́n fi ẹyọ kan sílẹ̀ fún mi títí èmi náà á fi lọ.

Wàá pe ọmọ rẹ, á jẹ́ ọ. Ilé rẹ kò ní dákẹ́.

Èmi ni,
Ìyá rẹ